Láti Ìkọ̀lé dé Heathrow: Ibi Tí Àkókò Ń Lọ

Aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lù, ibùdókọ̀ Ìkọ̀lé-Èkìtì ti ń hó. Àwọn ọmọ gáréèjì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá àyè fún ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnì kan ń ké "Èkó, Èkó, ó ku ẹni méjì!", ìyá alákàrà sì ti gbé agbada kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, jókòó lé àpótí wọn, wọ́n fi ìborùn wé etí nítorí òtútù. Ọmọ wọn obìnrin bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń lọ wẹ ọmọ. Wọn kò wọ bàálù rí láyé wọn, ìdí nìyẹn tí ẹbí fi ní kí n tẹ̀ lé wọn.

"Wákàtí mélòó ni a máa lò dé ọ̀hún?" Màmá bi mí.

"Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni bàálù máa ń lò, Màmá."

Wọ́n gbójú sókè, ilẹ̀ ò tíì mọ́. "Háà, a jẹ́ pé ọ̀sán òní la máa dé! Mo lè bá wọn jẹun ọ̀sán nìyẹn."

Mo ní rárá, ọ̀la ni. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Àlàyé náà kò ṣeé parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ títí a fi débẹ̀. Ilé tó ní ọmọ lókè òkun ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó, kò níye mọ́, ìbéèrè Màmá sì ni gbogbo wọn ń bèèrè. Wákàtí tí wọ́n tẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ní Èkó, ó sì parí ní ti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkọ̀lé kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó gbéra. Nígbà tí a dé Ìtápá, ojú ọjọ́ ti ń là, a rí àwọn àgbẹ̀ lórí ọ̀kadà, àdá àti kẹ́ẹ̀gì omi wà lẹ́yìn wọn. A kọjá Ìlúpéjú. Dírẹ́bà mọ gbogbo kòtò ojú títì yìí bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀: ó yà sápá òsì, ó yà sápá ọ̀tún, ó tún rọra bọ́ sínú èyí tí kò ṣeé yẹ̀. Bí a bá fa okùn gbọọrọ láti Ìkọ̀lé dé pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, bíi 280 kìlómítà ni okùn náà máa gùn. Títì tí ọkọ̀ ń tọ̀ lé ní 350, nítorí ó gbọ́dọ̀ yí òkè po, kó sì gba inú ìlú kọjá. Kì í sì í ṣe gígùn rẹ̀ nìkan ló ń jẹ àkókò.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ará Ìkọ̀lé kò fiyè sí. Bí a bá fa okùn kan náà láti Ìkọ̀lé lọ sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe ní Àbújá, kò gùn tó ti Èkó; bíi 240 kìlómítà péré ni. Àbújá tún sún mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ju Èkó lọ ní nǹkan bíi 230 kìlómítà. Lórí ìwé, ọ̀nà Òmùò, Kàbà àti Lọ́kọ́ja ló yẹ kí ará Ìkọ̀lé gbà lọ sókè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ibùdókọ̀ bóyá ó fẹ́ gba ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn yìnbọn pa ọba aládé méjì ní Òkè-Àkò, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé gan-an, nígbà tí wọ́n ń ti òde bọ̀. Ọba aládé ni wọ́n o. Láti ìgbà náà, ìbẹ̀rù ti di ara ohun tí a fi ń díwọ̀n ọ̀nà níhìn-ín. Ẹni tó lè gbéra ní ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀, kó sì sun ojú ọ̀nà, ti di ẹni tó ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò lè ka wákàtí tí a fi ń dúró de ìmọ́lẹ̀ mọ́ tiwọn, àwa la máa kà á.

Ní Ọ̀yẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Àpapọ̀ ti tò sétí títì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Màmá na ọwọ́ sí wọn, wọ́n ní, "Gbogbo àwọn wọ̀nyí náà, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń wò." Kò tọ́ kí n jiyàn. Ìkọ̀lé ti ń rán ọmọ lọ sókè òkun tipẹ́tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí sí ní ọdún 1929, onítàn ńlá tó lọ kàwé ní Leicester àti ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1958, tó sì padà wá di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Èkó ní 1972. Láyé ìgbà tiwọn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ní Àpápá. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Bíi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń dé Liverpool. Màmá rántí pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí ẹnì kan bá ń lọ ìlú òyìnbó, gbogbo àdúgbò ló ń sin ín jáde, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà sì ń dágbére fún un bí ẹni tí wọn kò ní fojú kàn mọ́.

Ìfàkì ni nọ́ọ̀sì kan ti wọlé tọ̀ wá, Ìdó ló ti wá. Ẹni tó bá mọ Ìdó mọ̀ pé Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn sì ń ti Kwara àti Kogi wá síbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú wọn náà ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé Lọ́ńdọ̀nù nìwọ náà ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n Addis Ababa ni mo máa kọ́kọ́ dé. Ọ̀la ni bàálù tèmi, mo máa sun Èkó lálẹ́ yìí."

"Addis Ababa? Ṣé ojú ọ̀nà ni ìyẹn wà?"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà. Owó rẹ̀ ló dín."

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn jinlẹ̀. Láti Èkó dé Addis Ababa tó bíi 3,900 kìlómítà, ìlà oòrùn sì ni ó forí lé. Láti Addis Ababa sí Lọ́ńdọ̀nù tún tó 5,900. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó sún mọ́ ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà, kí a tó ka wákàtí tí yóò fi jókòó de bàálù kejì. Síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rọjú ju tiwa lọ. Ìdí ni pé àwọn tó ń kó èrò gba Addis Ababa, Cairo, Casablanca tàbí Istanbul ń ṣa èrò láti ìlú púpọ̀ jọ sójú kan, wọ́n á wá fi bàálù ńlá pín wọn káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni àga kì í ṣófo. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ni yóò fi àkókò rẹ̀ dí i.

A kọjá Ìwòrókò wọ Adó-Èkìtì. Lápá kan ìlú, ní ọ̀nà Ìjàn, ni pápákọ̀ òfurufú Èkìtì wà. Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn-Èkìtì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ló ṣí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọ̀la ọjọ́ náà ló gbé ìjọba fún Bíọ́dún Oyèbánjí. Ojú ibi ìbalẹ̀ rẹ̀ gùn tó kìlómítà mẹ́ta ó lé díẹ̀, bàálù ńlá lè balẹ̀ síbẹ̀. Láti Adó sí Ìkẹjà lójú òfurufú kò ju bíi 240 kìlómítà lọ, kò tó wákàtí kan. Mo tọ́ka sí ọ̀nà Ìjàn fún Màmá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Kí ló dé tí a ò wọ tibẹ̀?" Dírẹ́bà wa tẹ̀ síwájú.

Ọ̀nà tó kù sí Èkó, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Arámọ̀kọ, Ìtàwùrè, Iléṣà, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Táyà fọ́ ní ìtòsí Ìkirè, a bọ́ sílẹ̀, oòrùn pa wá díẹ̀. Màmá ra ẹ̀pà, wọ́n pín in fún gbogbo ọkọ̀. Títì Ìbàdàn sí Èkó tí wọ́n ṣí ní 1978 gùn tó 127 kìlómítà, ó sì dára nísinsìnyí ju bó ti wà lọ, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún mú wa bí a ṣe ń wọ Èkó. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá dáadáa nígbà tí a dé Ìkẹjà. Wákàtí mẹ́wàá ti lọ. Bí ó bá jẹ́ pé bàálù la wọ̀ láàárọ̀, à bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù, à bá sì ti jẹun ọ̀sán tí Màmá ń retí.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ó lé díẹ̀ ni bàálù wa. Wọ́n ń gba èrò níyànjú pé kí wọ́n dé wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń pa tábìlì ìgbẹrù dé ní wákàtí kan ṣáájú. Níbi òṣùwọ̀n, àpò kan kò gbọ́dọ̀ ju kílò 23 lọ. Ti Màmá wọn 27. A tú u sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn: gàrí, èlùbọ́, ọṣẹ dúdú, àdí, aṣọ ìpọ̀nmọ. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n fi bébà wé sísàlẹ̀ jáde. Mo ní Màmá, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran wọlé láti ọ̀dọ̀ wa. Ó dùn wọ́n. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gbálẹ̀ nítòsí ni wọ́n fi ta lọ́rẹ.

Ìgbà tí a jókòó de bàálù ni mo wá rí àyè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀nà òfurufú. Ó rọrùn ju bí ènìyàn ti rò lọ, pàápàá fún ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà tó ti gúúsù lọ sí àríwá. Èkó wà ní ìwọ̀n 6 àbọ̀ sókè ìlà tó pín ayé sí méjì, Lọ́ńdọ̀nù wà ní 51 àbọ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 45. Ìwọ̀n kan jẹ́ máìlì òkun 60, nítorí náà 45 jẹ́ 2,700 máìlì òkun. Máìlì òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ rẹ̀, ẹ óò rí 5,000 kìlómítà. Àyíká ayé jẹ́ ìwọ̀n 360, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ti rin ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká gbogbo ayé. Nígbà tí mo kọ èyí sí ẹ̀yìn bébà fún Màmá, tó jẹ́ pé oníṣòwò iṣu ni wọ́n, tí wọ́n mọ ìṣirò dáadáa, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ìdá kan nínú mẹ́jọ," ni wọ́n wí. "Fún òru kan ṣoṣo!"

Bàálù gbéra. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iná Èkó di erukutu ìmọ́lẹ̀, ó pòórá. Lórí tẹlifíṣàn kékeré tó wà lẹ́yìn àga iwájú, àwòrán bàálù kan ń rìn lórí máàpù, nọ́ḿbà sì ń yí lábẹ́ rẹ̀: ìyára tó sún mọ́ 900 kìlómítà ní wákàtí kan, gíga tó lé ní kìlómítà mẹ́wàá, òtútù ìta tó wọ 50 sábẹ́ òdo. Màmá kò sùn. Wọ́n ń wo àwòrán náà bó ṣe ń kọjá Niger, tó wọ aṣálẹ̀ Sàhárà lórí Algeria. Mo sọ fún wọn pé ọ̀nà yìí kì í ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa ní oṣù kẹjọ, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án. Nígbà náà, àwọn bàálù tó ń ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù ní láti yí ọ̀nà po, wọ́n ń jó epo púpọ̀ sí i, wọ́n sì ń pẹ́. Ẹ ò rí i pé òfurufú náà ní bodè.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà ní ìṣirò tiwọn. Èkó sí New York tó bíi 8,400 kìlómítà, atẹ́gùn ńlá tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn lókè níbẹ̀ sì máa ń dojú kọ bàálù tó ń lọ, á wá ti èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àlọ fi máa ń ju àbọ̀ lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù dojú kọ àríwá, ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn náà ti ń gbá bàálù, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn ará ilé láàmú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ pàdé èrò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, aago Nàìjíríà àti ti Lọ́ńdọ̀nù dọ́gba. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá dé èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹta, tiwọn a máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì kò ní ṣàlàyé, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń kọ. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan nínú èkejì lásán yóò rò pé bàálù sáré ju bó ti yẹ lọ. Bákan náà, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ tí wọ́n kọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí, ó sì dópin nígbà tó bá gúnlẹ̀ sí ìkejì. Kì í ṣe fífò nìkan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Faransé ti kọjá lábẹ́ ìkùukùu. Lórí Lọ́ńdọ̀nù, bàálù wa yí po lẹ́ẹ̀mejì kí àyè ìbalẹ̀ tó kàn án, nítorí àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ń ya wọ Heathrow ní ìdájí kan náà, àdéhùn nítorí ariwo òru kò sì jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ ṣáájú aago mẹ́rin àbọ̀. Aago mẹ́fà kù díẹ̀ la balẹ̀. Màmá pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ìlà gígùn níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú, ìtẹ̀ka, ìbéèrè: ta ni ẹ ń bá gbé, ọjọ́ mélòó lẹ máa lò? Wọ́n dáhùn ṣánṣán pé ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n wá wẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún 2022 gbé wa láti Heathrow la gbogbo ìlú já dé Abbey Wood, láìsọ̀ kalẹ̀, ní bíi wákàtí kan. Láti ibẹ̀, bọ́ọ̀sì dé Thamesmead, níbi tí ọmọ Yorùbá ti pọ̀ débi pé Màmá gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ni wọ́n gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká kà á. Láti ibùdókọ̀ Ìkọ̀lé dé Thamesmead lé ní wákàtí 28. Bàálù tí ó gbé wa kọjá ìdá kan nínú mẹ́jọ ayé gba mẹ́fà àbọ̀ nínú rẹ̀, kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Mẹ́wàá lọ sórí títì láàárín Ìkọ̀lé àti Ìkẹjà, ìdúró sì kó ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù. Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà sí Èkó mọ́. Èkó ló jìnnà sí Ìkọ̀lé.

Ìjọba Èkìtì ni mo ń bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàálù Adó sí Ìkẹjà di ohun ojoojúmọ́, ní wákàtí tí yóò bá bàálù òkè òkun mu, ní owó tí oníṣòwò iṣu lè san. Ẹ tún títì Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìfàkì ṣe débẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀ṣọ́ sójú ọ̀nà Òmùò. Ojú ibi ìbalẹ̀ tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta kò ní ran ará Ìkọ̀lé lọ́wọ́ bí kò bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra àtilọ kí èyí tó ṣẹ, ẹ ṣe bíi nọ́ọ̀sì Ìdó: ẹ wọ Èkó ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sùn síbẹ̀. Tàbí kí ẹ lọ wọ bàálù tó ń lọ Èkó ní Àkúrẹ́, bí owó bá ká a. Ká ní ọkọ̀ wa bàjẹ́ pátápátá lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, tíkẹ́ẹ̀tì Màmá ì bá ti ṣòfò.